Ẹni Tí Ẹ̀rọ Ní Ó Ṣì Wà Nílé

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, mo bi í pé ta ló wà nílé. Bí wọ́n ṣe ń bi í kò le: wàá tẹ ‘who’ sí ojú dúdú rẹ̀, wàá tẹ bọ́tìnì ìparí, èyí tó fẹ̀ jù lápá ọ̀tún, yóò sì to orúkọ gbogbo ẹni tó ti wọlé sínú rẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú ibi tí kálukú jókòó sí. Orúkọ tèmi nìkan ló yẹ kó jáde. Àwọn panápaná ṣì ń fọ ọkọ̀ níta, Ọ̀gá ò tíì dé. Àmọ́ orúkọ méjì ló jáde. ‘tuntun’ ni ìkíní, èmi nìyẹn. Ọ̀gá ló sọ mí bẹ́ẹ̀ nítorí kò ráyè ronú orúkọ gidi. Ìkejì ni ‘iyaero’.

Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi nílé iṣẹ́ yẹn. A ti sin ín kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo tún ìlà náà kà. Ẹ̀rọ náà ní ibi tí ‘iyaero’ jókòó sí ni ‘isale’, ìyẹn yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó bàtà òjò àti páìpù tó ti lu sí. Mo dìde lọ wò ó. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dojú kọ ògiri, eruku bò ó, wọ́n ká wáyà rẹ̀ lé e lórí. Kò so mọ́ iná. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóná. Òórùn kan sì wà nínú yàrá náà tí kì í ṣe ti bàtà òjò. Òórùn aṣọ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ mú létí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀ ná, torí kì í ṣe iṣẹ́ ni mo wá wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó ti ẹ̀rọ ìpè nílé iṣẹ́ panápaná. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé iná ń jó, òun ló ń gbé e, ẹ̀rọ a sì gba ohùn gbogbo sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná sọ ní òpópónà àwọn aránṣọ. Wọ́n pè, wọ́n pè, ọkọ̀ ò dé. Ilé kan jó tòun tèèyàn. Nígbà tí ìlú fárígá pé àfi kí àwọn mọ ẹni tó jẹ̀bi, Ọ̀gá jáde síwájú wọn, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò sunkún, ó ní ẹni tó ń gbé ìpè ló sùn lọ. Ó ní ẹ̀rọ ò gba ohùn kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí obìnrin náà ò tàn án. Ẹ má bínú pé n kò fi ọ̀wọ̀ pè é bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti jóná mọ́ ilé yẹn.

Wọ́n lé ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn ń tutọ́ síwájú ilé wa. Ẹnìkan fi èédú kọ ‘OLÓORUN’ gàdàgbà sára ògiri. Ẹni tí kì í lè sùn bí ọmọ aládùúgbò bá ń wúkọ́, òun ni wọ́n wá sọ ní olóorun. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dẹ́kun oúnjẹ, ó dẹ́kun ọ̀rọ̀, títí a fi bá a lórí àga, tó ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ń tẹ nǹkan. Ìyá wa, tí kì í pariwo, dìde lẹ́bàá òkú ọmọ rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

“Ẹkún ti tó,” ó ní. “Orúkọ ọmọ mi tí wọ́n sọ sínú ẹrẹ̀, lọ gbé e wá fún mi.”

“Mo gbọ́, Màámi.”

“Ẹni tó sọ ọ́ síbẹ̀ ńkọ́?”

“Mo gbọ́ ìyẹn náà, mà.”

Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá wa yàtọ̀, ojú wa ò sì jọra. Nígbà tí ilé iṣẹ́ panápaná ń wá ẹni tó mọ ojú dúdú ẹ̀rọ yẹn lò, mo lọ. Ọ̀gá wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ń fi ahọ́n yí minti lẹ́nu.

“O mọ àwọn àṣẹ rẹ̀?”

“Díẹ̀díẹ̀, sà.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ilé ni mo ti kọ́ ọ, sà.”

N kò purọ́. Orí tábìlì ilé ìdáná wa ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ mi, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ń kùn bí ológbò. Ọdún díẹ̀ ló fi jù mí, kì í sì í fẹ́ kí n máa ‘ẹ’ òun. Ó ní ẹ̀rọ náà dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí kò ní fèrèsé. O ò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yàrá tí o bá wà nìkan ni ọwọ́ rẹ ń tó. ‘cd’ lo fi ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ‘ls’ lo fi ń lajú wo ohun tó wà níbẹ̀, ‘cp’ lo fi ń ṣe ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, tẹ ‘pwd’, ìyẹn ni pé, ibo ni mo dúró sí? “Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó dúró sí,” ó máa ń wí, “ilé ara rẹ̀ ni yóò tiná bọ̀.” Bó bá tẹ àṣẹ tán, á fi ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́tìnì ìparí, gbà! Ìyá wa a ní yóò fọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, ti ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Bí o bá pàṣẹ fún ẹ̀rọ yìí pé kó ṣe nǹkan, tó sì ṣe é, kò ní sọ ohunkóhun. Ìgbà tó bá kọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. “Má retí ‘o kú iṣẹ́’,” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Tó bá ti dákẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn.” Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní ‘rm’, àṣẹ ìparẹ́. Kò sí ààtàn tí o ti lè lọ ṣa ohun tí o bá fi rm dànù. Àmọ́ o, orúkọ nǹkan náà ló ń pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣì di nǹkan ọ̀hún mú nínú ẹ̀rọ, kò tíì lọ. Kò lórúkọ mọ́, kò sí nínú yàrá kankan, bí o bá wá a o ò ní rí i, síbẹ̀ ó wà. Ọjọ́ tí ẹni tó dì í mú bá jù ú sílẹ̀ ló ń kú pátápátá.

“Bí òkú ló ṣe rí nìyẹn,” mo ní nígbà náà.

“Ó burú ju òkú lọ,” ó dá mi lóhùn. “Òkú ṣì lórúkọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí mo ti abẹ́ àtẹ̀gùn padà sórí àga mi, mo tẹ ‘ps’, àṣẹ tí wọ́n fi ń béèrè iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ àti ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ‘iyaero’ ń ṣe. ‘tail’ ni, àṣẹ ẹni tó fẹ́ máa ṣọ́ ìparí fáìlì kan, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá lé e. Fáìlì tó ń ṣọ́ ni ohùn ọjọ́ tí iná jó òpópónà àwọn aránṣọ. Mo sáré wọ yàrá tí ẹ̀rọ ń kó ohùn sí, mo tẹ ‘ls’. Ti ọjọ́ tó ṣáájú wà níbẹ̀, ti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀, ti ọjọ́ náà gan-an ò sí.

Ó yé mi. Ohùn wà. Ọ̀gá ló ní agbára láti pa á rẹ́, ó sì ti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan lọwọ́ rẹ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi di ohùn náà mú. Ó dì í mú nígbà tí wọ́n lé e jáde, ó dì í mú nígbà tó kú, ó ṣì dì í mú láàárọ̀ tí mo jókòó yẹn. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún láìpariwo. Nígbà tí mo nu ojú mi tán, ìbínú ló kù, ó tutù bí omi kànga.

N kò lè gba ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹnìkan bá dì mú nínú ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ló lè dé ibẹ̀, tàbí ‘root’. Root ni olúwa ẹ̀rọ, kò sí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọn, Ọ̀gá nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Mo pinnu láti dúró.

Bàbá Tánkì ló ń wa ọkọ̀ omi, àgbà ọkùnrin tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́sàn-án kan mo gbé omi tútù fún un níbi tó jókòó sí, nínú òjìji ọkọ̀ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ máa ń gbóòórùn nǹkan lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn?”

Ó mu omi tán kó tó dáhùn. “Aṣọ jíjó.”

“Láti ìgbà wo, sà?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín.” Ó wo ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ mi, ẹnu mi wúwo. Mo láwọn ọmọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iná yẹn, èmi àti ọkọ̀ yìí ò sí nílé. Wọ́n rán wa níṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo, sà?”

Ó da omi tó ṣẹ́ kù nínú ife sílẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀ lọ.

Láràárọ̀ ni mo ń tẹ who, láràárọ̀ ni iyaero ń wà ní ‘isale’. Ó pẹ́ títí kó tó kan Ọ̀gá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni, oòrùn ń gba fèrèsé ta sórí ilẹ̀ yàrá ìpè, gbogbo ilé dákẹ́. Ó wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ àṣẹ náà. Mo ń gbọ́ minti tó ń kan eyín rẹ̀. Lójijì n kò gbọ́ ọ mọ́.

“Ta ló ń fi orúkọ yẹn ṣeré?”

“Orúkọ wo, sà?”

“Obìnrin yẹn. Ta ló ń lo orúkọ rẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, sà. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

“Lé e jáde.”

“Agbára mi ò gbé e, sà. Àfi ẹ̀yin.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi lórí, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kíbọọ̀dù. Ó kọ́kọ́ di root, ó fi èjìká bo ọwọ́ kí n má baà rí ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lẹ́yìn náà ó tẹ ‘kill’, àṣẹ tí wọ́n fi ń pa iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, ó sì lo èyí tó le jù nínú rẹ̀, tí kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Inú Ọ̀gá dùn, torí òun náà mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí. Ó ní kí n béèrè ẹni tó wà nílé.

Iyaero ṣì wà. Àmọ́ kò sí ní isale mọ́. Ibi tó jókòó sí báyìí ni ‘iloro’, ìyẹn tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbáwọlé.

Àwa méjèèjì yíjú sí ìloro. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Àga ẹ̀yìn tábìlì náà ń yí díẹ̀díẹ̀, bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lé. Òórùn aṣọ jíjó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bá wa.

“O ò gbóòórùn nǹkan?” Ọ̀gá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Rárá o, sà.”

Imú mi kún fún un. Mo kàn fẹ́ kó dá wà pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ó tún tẹ kill. Ẹ̀rọ tún dákẹ́. Mo tún béèrè, iyaero sì ti kúrò ní ìloro, ó ti dé ‘odede’, níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lójúde ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé òun, pé òun máa parí ọ̀rọ̀ náà lórí ẹ̀rọ tòun. Bí a ṣe ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi mí sápá ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, òun rìn mọ́ ògiri kejì. Akínkanjú panápaná, ẹ ò rí nǹkan.

Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn. Fọ́tò rẹ̀ ńlá kan wà lórí ògiri, nínú aṣọ panápaná tí iná ò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fọ́tò ilé tuntun tó kọ́ wà, pẹ̀lú tánkì omi gàgàrà lókè òrùlé. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ní lẹ́tà wúrà. Ó jókòó, ó di root, ó tẹ who. N kò ní láti wo ojú ẹ̀rọ. Mo kà á lójú rẹ̀. Iyaero ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Orí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ló wà.

“Gbogbo ohun tó ní ni màá pa rẹ́,” ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Yàrá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, pátá. Kó máa wá ibi tó máa dé sí.”

Ó tẹ cd, ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Títí dé ibẹ̀ kò ṣìnà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí, mo ń wò ó.

Nǹkan kan fara gba ilẹ̀kùn. Ọ̀gá yíjú síbẹ̀ kíá. Èmi ò yíjú, ohun tó jẹ́ kí n rí i nìyẹn. Àwọn bọ́tìnì kíbọọ̀dù rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gòkè padà, kò sí ọwọ́ lórí wọn. Ọ̀rọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ: ‘cd’, lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ yàrá Ọ̀gá fúnra rẹ̀, níbi tí gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ wà. Bọ́tìnì ìparí wọlẹ̀, gbà! Mo mọ ọmọńdinrín tó lu nǹkan báyẹn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, ó nu gbogbo ojú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní, ó ku àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, tó ń dúró de àṣẹ.

“Kí ló dún?”

“Ilẹ̀kùn ni, sà.”

Ó yí padà, ó tẹ rm. Ó fi ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé kí ẹ̀rọ má béèrè ohunkóhun kún un, àti èyí tó ní kó má ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìka rẹ̀ wá dúró lókè bọ́tìnì ìparí. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ òun náà lẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kọ́ kan máa ta á létí. Ó gbójú sókè wò mí.

“Ibi tó yẹ kí n wà ni mo wà, àbí?”

Ká ní mo sọ fún un pé kó tẹ pwd ni, ẹ̀rọ ì bá sọ fún un pé inú ilé ara rẹ̀ ló dúró sí. Mo rántí èédú tó wà lára ògiri wa. Mo rántí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí tábìlì.

“Ẹ̀yin ni ọ̀gá, sà,” mo ní. “Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí.”

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ dákẹ́.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. Èmi ń wo ògiri lókè orí rẹ̀. Fọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀, aṣọ panápaná ṣì wà nínú rẹ̀, ó nà, ó gún, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Mo wo ilẹ̀kùn. Igi lásán ni, kò sí àpá pé lẹ́tà kankan wà níbẹ̀ rí. Fóònù rẹ̀ dún, ìyàwó rẹ̀ ni, ó gbé e. “Èmi nìyí,” ó ní. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin náà, pẹ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ni mo pè yìí?” Ó rò pé eré ni. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì gé e.

Ó sáré jáde. Mo gbọ́ tó ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ní àgbàlá. Mo rí i láti fèrèsé tí àwọn panápaná dúró yí i ká, tí wọ́n ń fi sùúrù bi í léèrè ilé ẹni tó wá. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì, tó máa ń ṣí i fún un pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ló fà á lápá jáde. Àwọn àgbà ní ẹ̀san ò gbóògùn. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má lu èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má bú u, kí wọ́n kàn máa pè é ní ‘sà’ bí wọ́n ṣe ń tì í síta.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Kò jáde nínú ẹ̀rọ kó tó sáré lọ. Agbára root wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ sídìí iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, èyí tí kill méjèèjì ò rí pa, mo nawọ́ sí ohun tó dì mú, mo tẹ cp, mo fún un ní orúkọ tuntun. Ẹ̀rọ dákẹ́. Nígbà tí mo tẹ ls, ohùn náà wà níbẹ̀, ó lórúkọ, ó nílé. Mo wá béèrè ẹni tó wà nílé. Iyaero ti lọ. Òórùn aṣọ jíjó ti lọ pẹ̀lú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, o kú iṣẹ́,” mo sọ ọ́ sókè. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣí ohùn náà sórí sípíkà àgbàlá, èyí tí wọ́n fi ń pe panápaná sínú ọkọ̀. Gbogbo wọn dúró gbagidi. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jáde, ó já gaara, kò sí oorun nínú rẹ̀: “Ọ̀gá, iná ti sọ ní òpópónà àwọn aránṣọ. Ọkọ̀ ò sí nílé, sà. Ẹ bá mi pè é.” Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, minti ń kan eyín rẹ̀: “Mo rán ọkọ̀ lọ da omi sí tánkì ilé mi. Sọ fún wọn pé ó ti ń bọ̀.” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọ̀gá, èèyàn wà nínú ilé náà. Mò ń gbọ́ wọn.” Ọkùnrin náà ní, “Kí tánkì kún ná.”

Bàbá Tánkì ṣí fìlà rẹ̀, ó wólẹ̀ sẹ́bàá táyà, ó bú sẹ́kún. “Kò sùn,” ó ń wí. “Ọmọ yẹn ní kí wọ́n pè wá. A purọ́ mọ́ ọn.”

“Ta ni ọkùnrin yẹn?” ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Bàbá Tánkì gbójú sókè. Ó la ẹnu, ó wá orúkọ náà títí, kò rí i. “Mo da omi sí tánkì ẹnìkan,” ó ní. “Mo rántí òrùlé rẹ̀. Ilé ta ni?”

Láti ẹ̀yìn géètì, ẹnìkan kígbe. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ojú rẹ̀ pọ́n. “Èmi ni! Ohùn mi nìyẹn! Èmi ni mo rán ọkọ̀ lọ, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn! Ẹ wò mí, èmi ni!” Irú ìjẹ́wọ́ tí ǹ bá fi ẹ̀mí mi wá ló ń fi igbe ṣe yìí. Ẹ̀ṣọ́ wò ó pẹ̀lú àánú. “Bàbá, ẹ lọ sinmi nílé,” ó ní. “Oòrùn ti pọ̀ jù.”

Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìkórìíra ò jẹ́ kí n gbàgbé.

Mo gbé ohùn náà lọ fún ìyá wa. Gbogbo àdúgbò wá gbọ́ ọ. Àwọn tó tutọ́ wá fi omi fọ ògiri wa, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ gidi tí Màámi sọ ọ́. Ìyá wa gbọ́ ọ títí, ó dì mọ́ mi. “Ẹni tó sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀ ńkọ́?” ó bi mí. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́, Màámi. Ó mi orí, ó lọ fọ ojú rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sán ni ọkùnrin náà ń wá dúró lódìkejì títì, níwájú fèrèsé ilé wa. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó, bí wọ́n ṣe ń yà fún òpó. Ó tún ń rù sí i. Lánàá ó sọdá wá, ó dúró sábẹ́ fèrèsé.

“Ìwọ nìkan lo mọ̀ mí,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Pe orúkọ mi kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹlòmíràn kan ṣoṣo. Jọ̀ọ́.”

Ẹ̀yin náà á ti rí i pé n kò dárúkọ rẹ̀ fún yín. Ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà á bá mi dì í mú, yóò sì rí ibi tó máa fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó rí i pé n kò dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀bẹ̀ mìíràn. Ó ní bí n kò bá ní pe òun, kí n kúkú gbàgbé òun, kí n ju òun sílẹ̀, kí òun lè máa lọ. Mo wò ó títí. Ó yẹ kó mọ̀ pé láràárọ̀ tí mo bá jí, kí n tó bọ́jú, mo máa ń sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ní ohùn tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kó pẹ́ láyé.

Mo pa fèrèsé dé, mo lọ gbé omi kaná.